Pépà Búráùn, Pépà Funfun: Èéfín Kan Náà Ni

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ènìyàn kì í yé bi mí ní ilé ìgboògùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti tó àkókò kí n dáhùn rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kí tọkùnrin tobìnrin lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbéèrè náà ni pé: "Nọ́ọ̀sì, nínú pépà tí a fi ń yí tábà, èwo ni kì í pa ènìyàn lára?" Àwọn awakọ̀ ń béèrè rẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń béèrè rẹ̀, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga náà sì ń béèrè rẹ̀. Àwọn ìyá pàápàá a máa mú páálí rẹ̀ wá, èyí tí wọ́n rí nínú àpò ṣòkòtò ọmọ wọn nígbà tí wọ́n fẹ́ fọ aṣọ, wọn a sì wí pé: "Ẹ bá mi wo nǹkan yìí, mà. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé kò ní kẹ́míkà nínú. Ṣé kò burú náà ni?"

Èsì mi kò gùn: kò sí ọ̀kan tí ó sàn nínú wọn. Ṣùgbọ́n èsì kúkúrú kì í tẹ́ ẹni tí ó ti gba nǹkan gbọ́ tẹ́lẹ̀ lọ́rùn. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ tú páálí náà wò lónìí, kí a mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí a mọ ohun tí àwọn tí ń lò ó rò nípa rẹ̀, kí a sì mọ ibi tí èrò náà ti ṣìnà.

KÍ NI PÉPÀ YÌÍ?

Pépà yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé ìlú ńlá. Inú páálí pẹlẹbẹ kan ni ó máa ń wà, wọn a sì tò ó sí ẹ̀gbẹ́ láítà àti suwíìtì ní ìsọ̀ kékeré ojú títì. Rizla ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe gbogbo rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ oríṣi kan ṣoṣo ni Rizla. Ìdílé Lacroix ní ilẹ̀ Faransé ni ó ṣẹ̀dá orúkọ náà. "Riz" ni àwọn Faransé ń pe ìrẹsì, "la croix" sì ni àgbélébùú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi àmì àgbélébùú sí ẹ̀yìn orúkọ náà. Kì í ṣe tábà nìkan ni àwọn ènìyàn wa ń fi pépà yìí yí. Igbó ni ọ̀pọ̀ ń fi í yí, ẹ má jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ara wa. Ìwádìí tí ìjọba wa àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé jọ ṣe ní 2018 fi hàn pé ènìyàn bí mílíọ̀nù 10.6 ni ó ti lo igbó láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà. Òfin kò fi àyè gba igbó, ṣùgbọ́n ẹni tí ń lò ó ń ṣàìsàn bí ẹni tí ń mu sìgá, ó sì yẹ kí ó gbọ́ ìmọ̀ràn bí àwọn yòókù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe pépà yìí? Igi ni wọ́n ń lò, tàbí ọ̀gbọ̀, tàbí èèpo irúgbìn tí a ń pè ní hemp, tàbí koríko ìrẹsì. Wọn a sè é, wọn a gún un, wọn a sì tẹ́ ẹ títí yóò fi fẹ́lẹ́. A máa ń da lúbúlúbú ẹfun mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kí ó lè funfun, kí ó sì lè máa jó geere. Oje igi kan tí ń hù ní ilẹ̀ gbígbẹ, ní Sudan, ní Chad àti ní Òkè Ọya wa níhìn-ín, ni wọ́n fi ń ṣe gọ́ọ̀mù etí rẹ̀ tí ènìyàn ń fi ahọ́n lá kí ó tó lẹ̀. Bí wọ́n bá fi kẹ́míkà fọ pépà náà, yóò funfun. Bí wọn kò bá fọ̀ ọ́, yóò ní àwọ̀ búráùn bí ti àpò sìmẹ́ǹtì. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín funfun àti búráùn kò ju ìyẹn lọ.

OHUN TÍ OJÚ ÀWỌN TÍ Ń LÒ Ó RÍ

Nígbà tí mo bá bi àwọn tí ń yí tábà tàbí igbó léèrè ìdí tí wọ́n fi yan pépà kan ju òmíràn lọ, oríṣi èsì mẹ́rin ni mo sábà máa ń gbọ́.

Èkíní ni ti àwọ̀. Wọ́n ní pépà búráùn kò ní kẹ́míkà, ìṣẹ̀dá Ọlọ́run ni, nítorí náà kò lè ṣe nǹkan fún ènìyàn. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti fi igi dáná rí, ẹ ti mọ èsì ọ̀rọ̀ yìí kí n tó sọ ọ́. Igi ìdáná kò ní kẹ́míkà kankan tí ènìyàn fi sí i. Inú oko ni ó ti wá, oòrùn ni ó gbẹ ẹ́. Síbẹ̀, ta ni yóò tẹ orí sínú èéfín igi kí ó máa fà á sínú àyà? Omi yóò máa bọ́ lójú rẹ̀, ikọ́ yóò sì gbé e. Bí nǹkan ṣe rí kí iná tó kàn án kọ́ ni à ń wò, bí kò ṣe ohun tí ó dà nígbà tí ó jó tán. Àwọn àgbà ti wí pé inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Àwọ̀ ìta kì í sọ ohun tí ó wà nínú.

Ṣùgbọ́n ti pépà tí wọ́n kùn ní àwọ̀ aláràbarà yàtọ̀. Ní 2024, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Lake Superior State ní Amẹ́ríkà yẹ oríṣi pépà 53 wò, wọ́n sì rí i pé bàbà tí ó wà nínú àwọn kan pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, pàápàá nínú àwọn tí a fi ọ̀dà aláwọ̀ kùn. Nítorí náà, pépà tí a kùn lè burú sí i, ṣùgbọ́n èyí tí a kò kùn kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di oògùn.

Èkejì ni ti fífẹ́lẹ́. Wọ́n ní bí pépà bá ti fẹ́lẹ́ tó ni ewu rẹ̀ ṣe kéré tó. Nínú pépà Rizla, àwọ̀ páálí ni ó ń sọ bí pépà ti nípọn tó: búlúù fẹ́lẹ́, èyí tí ó ní àwọ̀ fàdákà sì tún fẹ́lẹ́ jù ú lọ. Àwọn tí ń lò ó wá sọ àmì yìí di àmì ìlera. Ẹ jẹ́ kí a gbé e sórí ìwọ̀n. Pépà kékeré kan kò wúwo tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí a dì sínú rẹ̀. Bí ẹ bá wá rí pépà tí ó fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ labalábá, ohun tí ó ju ìdá mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá ṣì ń jó nínú rẹ̀ bí ó ti ń jó tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ń ṣa pépà tí ó fẹ́lẹ́ dàbí ẹni tí ń ṣa ewé tí ó dára kí ó fi dì ẹ̀kọ tí ó ti kan.

Ẹ̀kẹta ni ti ọ̀rọ̀ tí a kọ sí páálí. Wọ́n kọ "King Size" sí òmíràn, ọ̀dọ́mọkùnrin sì rò pé ohun ọba ni òun mú lọ́wọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé pépà náà gùn lọ. Pépà kékeré a máa gùn tó mìlímítà 70, ṣùgbọ́n ti ọba yìí a máa gùn ju 100 lọ. Èyí ni pé ohun tí ń wọ inú rẹ̀ pọ̀ sí i, èéfín tí ń wọ àyà náà sì pọ̀ sí i. Wọ́n tún ń ta èyí tí ó ní òórùn èso tàbí ti ṣokoléètì. Mi ò rí àgbàlagbà tí ó nílò irú òórùn bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ni ó ń fà.

Ẹ̀kẹrin ni ti páálí kékeré tí wọ́n ń ká sí ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ a máa ya etí páálí pépà náà gan-an, wọn a ká a, wọn a sì fi sí ìdí ohun tí wọ́n yí, wọn a máa pè é ní fítà. Kì í ṣe fítà rárá. Ohun tí ó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí èèrún tábà wọ ẹnu, kì í sì í jẹ́ kí iná jó ètè. Kò sẹ́ ohunkóhun kúrò nínú èéfín. Fítà tí ó wà nídìí sìgá ilé iṣẹ́ pàápàá kò tíì gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àrùn jẹjẹrẹ, áńbọ̀tórí páálí.

Àwọn kan wà tí kì í tilẹ̀ ra pépà. Wọn a ya ìwé kíkà, tàbí rìsíìtì, tàbí ìwé ìròyìn irú èyí tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ kà á, ẹ má mu ún. Yíǹkì tí a fi tẹ ọ̀rọ̀ kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ó wọ inú àyà ènìyàn.

IBI TÍ ÈRÒ YÌÍ TI WÁ

Ẹ má ṣe rò pé àwọn ọ̀dọ́ wa ni ó kọ́kọ́ fi ojú dá ewu tábà nípa àwọ̀ páálí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ilé iṣẹ́ sìgá fi ta sìgá tí wọ́n pè ní "light", èyí tí í ṣe fífúyẹ́. Wọ́n lu ihò wínníwínní yí fítà rẹ̀ ká, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ẹ̀rọ bá fà á, atẹ́gùn yóò bá èéfín wọlé, ìwọ̀n ọ̀dà tí ẹ̀rọ yóò rí yóò sì kéré. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í ṣe ẹ̀rọ. Ìka àti ètè a máa dí àwọn ihò náà, ẹni tí ń mu ún a sì máa fà á jinlẹ̀ kí ó lè tẹ́ ẹ lọ́rùn. Sìgá fífúyẹ́ kò fúyẹ́ fún ẹ̀dọ̀fóró.

Nígbà tí Amẹ́ríkà fi òfin de ọ̀rọ̀ "light" ní 2010, ọ̀rọ̀ náà kúrò lára páálí ṣùgbọ́n àwọ̀ kò kúrò. Marlboro Lights di Marlboro Gold, àwọn tí ń mu ún sì dá a mọ̀ nípa àwọ̀. Ní 2015, àjọ tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní ilẹ̀ náà kọ ìwé ìkìlọ̀ sí ilé iṣẹ́ sìgá mẹ́ta nítorí pé wọ́n ń kọ ọ́ sí páálí wọn pé tábà wọn jẹ́ ti ìṣẹ̀dá tàbí pé kò ní àdàlù. Australia tilẹ̀ ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti oṣù Kejìlá 2012 ni wọ́n ti gba àwọ̀ kúrò lára gbogbo páálí sìgá àti ti tábà yíyí, tí gbogbo rẹ̀ fi ní àwọ̀ kan ṣoṣo tí kò wu ojú. Britain ṣe irú rẹ̀ láàárín 2016 àti 2017. Ṣùgbọ́n òfin tí Britain ṣe ní 2015 fún iṣẹ́ náà kò fọwọ́ kan pépà tí a ń tà lọ́tọ̀. Tábà wọ aṣọ ọ̀fọ̀, pépà ṣì wọ aṣọ ayẹyẹ.

Ní ilẹ̀ tiwa, òfin ìṣàkóso tábà ti 2015 pàṣẹ pé kí ìkìlọ̀ wà lára páálí sìgá, ó sì de títa tábà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ṣùgbọ́n nínú àwọn páálí pépà tí àwọn aláìsàn àti àwọn ìyá ti mú wá sọ́dọ̀ mi, n kò rí ọ̀kan tí ó ní ìkìlọ̀. Ẹni tí ó ń wò ó yóò wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Bí èyí bá burú ni, wọn ì bá ti kọ ọ́ sí i bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí sìgá." Ohun tí a kò kọ sí páálí náà ń tan ènìyàn jẹ bí ohun tí a kọ sí i.

Àwọn olùwádìí ti bi àwọn tí ń mu sìgá léèrè ní Britain, Canada, Amẹ́ríkà àti Australia, wọ́n sì rí i pé lára àwọn tí ń yí tábà fúnra wọn, àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọ́n rò pé ó sàn fún ara ju sìgá ilé iṣẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ní New Zealand, nígbà tí ìjọba mú kí àwọn ilé iṣẹ́ jẹ́wọ́ ohun tí wọ́n ń fi sí tábà, ó hàn pé àdàlù inú tábà yíyí pọ̀ fíìfíì ju ti inú sìgá ilé iṣẹ́ lọ. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

OHUN TÍ Ń PANI LÁRA GAN-AN

Nígbà tí ènìyàn bá fa sìgá, ẹyin iná tí ó wà lórí rẹ̀ lè gbóná tó 900 nínú ìwọ̀n Celsius. Omi gbígbóná tí ó hó, 100 péré ni. Nínú iná yẹn ni ewé ti ń di oríṣi èròjà tí ó ju 7,000 lọ, tí bí 70 nínú wọn sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ọ̀dà a máa lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀dọ̀fóró bí èédú ti ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Gáàsì carbon monoxide, èyí tí jẹnẹrétọ̀ fi ń pa ìdílé mọ́jú, a máa gba ipò atẹ́gùn rere nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn a sì máa ṣe làálàá. Èéfín igbó náà ní ọ̀dà àti gáàsì yìí. Bí ẹnìkan bá po igbó pọ̀ mọ́ tábà, níkótíìnì tí ń sọni di ẹrú yóò bá a wọlé. Àjọ ìlera àgbáyé wí pé tábà ń pa ju mílíọ̀nù 7 ènìyàn lọ́dọọdún, tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ nínú wọn kì í sì í mu ún rárá, èéfín àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń fà símú. Bí a ti wù kí a ṣe ebòlò, kò ní ṣàìrùn ìgbẹ́.

Ọkùnrin kan wá sí ọ̀dọ̀ wa, fọkanáísà ni, kò tíì pé ogójì ọdún. Ó ti ń wúkọ́ fún oṣù mẹ́rin, ó ń làágùn lóru, ṣòkòtò rẹ̀ kò sì dúró ní ìdí rẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí tí kò fi tètè wá, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Mo rò pé yóò lọ fúnra rẹ̀ ni, nítorí mo ti fi sìgá sílẹ̀. Pépà búráùn ni mo ń yí báyìí, wọ́n ní kì í ba àyà jẹ́." A yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, ikọ́ ife ni. Kí ẹ má ṣì mí gbọ́: kòkòrò ni ó ń fa ikọ́ ife, kì í ṣe pépà. Ṣùgbọ́n èéfín ń ba odi ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ fún kòkòrò náà, tí ó fi jẹ́ pé àìsàn yìí ń mú ẹni tí ń mu sìgá ní bí ìlọ́po méjì ẹni tí kì í mu. Pépà ni ó sì dá a dúró sílé fún oṣù mẹ́rin, nínú yàrá kan ṣoṣo, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ ọdún mẹ́ta tí wọ́n jọ ń mí atẹ́gùn kan náà. Ó lo oògùn fún oṣù mẹ́fà, ara rẹ̀ sì yá. Ọmọ náà lo oògùn ìdènà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé a tètè yẹ ìyá àti ọmọ wò. Ìtùnú èké tí páálí kan fún bàbá ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá ọmọ rẹ̀.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Fún ẹni tí ń yí tábà tàbí igbó: má ṣe ti pépà kan bọ́ sí òmíràn kí o sì kà á sí pé o ti ṣe nǹkan. Yan ọjọ́ kan tí o óò jáwọ́, kí o sì sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í mu. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, kó pépà, láítà àti àwo eérú kúrò nílé. Bí òùngbẹ rẹ̀ bá ń gbẹ ọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò lò kí ó tó rọlẹ̀: mu omi tútù, jẹ ẹ̀pà, dìde kí o rìn. Bí o bá ṣubú, tún ọjọ́ mìíràn yàn. Ọ̀pọ̀ tí ó jáwọ́ kò ṣe é ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Èrè rẹ̀ kì í pẹ́: láàárín wákàtí 12, gáàsì olóró yẹn yóò ti dínkù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ dé ìwọ̀n tí ó yẹ. Láàárín oṣù 1 sí 9, ikọ́ àti mímí gúlegúle yóò dínkù. Ní ọdún kan, ewu àrùn ọkàn yóò ti dín sí ìdajì ti ẹni tí ó ṣì ń mu ún. Ní ọdún 10, ewu pé kí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa ọ́ yóò dín sí bí ìdajì.

Fún ẹnikẹ́ni tí ikọ́ rẹ̀ bá ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ: wá sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn ikọ́ ife. A kò ní bú ọ nítorí ohun tí ò ń mu.

Fún ẹ̀yin òbí: bí ẹ bá rí páálí yìí nínú àpò ọmọ yín, ẹ má kọ́kọ́ gbé pàṣán. Ẹ fi í hàn án, ẹ bi í léèrè ohun tí ó fi ń ṣe àti ohun tí ó rò nípa rẹ̀. Bí ó bá ní kò ní kẹ́míkà, ẹ mú un lọ sí ìdí àdìrò igi kí ó fi imú ara rẹ̀ gbóòórùn ohun tí kò ní kẹ́míkà. Ọmọ tí a bá sọ̀rọ̀ ni yóò tún padà wá sọ̀rọ̀. Bí ìwà rẹ̀ bá ti yí padà, tí kì í sùn, tàbí tí ó ń dá sọ̀rọ̀, ẹ mú un wá kíákíá; àìsàn ni, kì í ṣe ohun ìtìjú.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ní ìsọ̀: ẹ má ṣe to pépà yìí sí ẹ̀gbẹ́ suwíìtì àti bisikíìtì mọ́. Ọmọ tí ó wá ra bisikíìtì ní ojú, ó sì ń wo gbogbo ohun tí ó ń dán níwájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pépà nìkan ni páálí ń sọ: bí ó ti fẹ́lẹ́ tó, bí ó ti gùn tó, ibi tí igi rẹ̀ ti hù. Kò sọ̀rọ̀ èéfín fún wa, nítorí ẹni tí ń ta pépà kọ́ ni yóò gbé ẹ̀dọ̀fóró wa kiri. Ara wa ni ilé wa. Ẹ má jẹ́ kí a fi àwọ̀ páálí dá ilé náà sun.